Ilé Craftsman ọdún 1912 ní Jefferson Park: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe

Bí a ṣe bá ilé náà

Ilé onígi tí kò ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ọdún 1912 ni wọ́n kọ́ ọ, àdúgbò Jefferson Park ní ìlú Los Angeles ló sì wà. Òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀, etí òrùlé náà sì yọ jìnnà kọjá ògiri. Tí èèyàn bá dúró lábẹ́ rẹ̀ tó gbójú sókè, yóò rí orí àwọn igi òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan, torí káfíńtà tó kọ́ ọ kò fi pákó bò wọ́n. Òpó fàràndà méjèèjì fẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n sì ń tín-ín-rín bí wọ́n ṣe ń ròkè. Orí bíríkì pupa ni wọ́n dúró lé.

Ìyá àgbà tó ni ilé náà jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Màmá ni mo ń pè wọ́n, bí mo ṣe máa pe ẹni tó jù mí lọ nílé. Bàbá wọn ló ra ilé náà ní 1950, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti dàgbà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, aṣojú ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta fèrèsé ti fi ìwé iye owó sílẹ̀ lórí tábìlì: kí wọ́n yọ gbogbo fèrèsé onígi, kí wọ́n fi oníke funfun sí i. Ọmọ Màmá obìnrin ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Mi ò bá a wí, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn fèrèsé náà ni kò ṣí mọ́, atẹ́gùn sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn wọlé lóru.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n tú ẹyọ kan wò kí wọ́n tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún wọn pé igi tí wọ́n fi kọ́ ilé yìí àti ọwọ́ tó gbẹ́ igi náà ni ogún tí bàbá wọn fi sílẹ̀, pé ẹni tó bá kó fèrèsé rẹ̀ dànù ti kó púpọ̀ nínú ogún náà dànù pẹ̀lú rẹ̀. Màmá ní, “Ó dáa, tú u, kí n rí i.”

Ìran tí ilé yìí ti wá

Kí n tó dé orí iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí irú ilé yìí ti ṣẹ̀, torí bí a ṣe kọ́ ọ ló ń sọ bó ṣe yẹ ká tún un ṣe. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èrò náà, pé kí iṣẹ́ ọwọ́ hàn lára ohun tí a kọ́, ti bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé John Ruskin àti oníṣẹ́ ọnà William Morris rí i ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́, pé àwọn nǹkan tó ń ti ilé ẹ̀rọ jáde kún fún ọ̀ṣọ́ tí kò wúlò fún ohunkóhun. Gustav Stickley, tó ń kan àga àti tábìlì ní ìpínlẹ̀ New York, gbé èrò náà wọ Amẹ́ríkà. Ó dá ìwé ìròyìn The Craftsman sílẹ̀ ní 1901, ara ìwé yẹn ni ilé wọ̀nyí ti gba orúkọ. Ó ń tẹ pláànù ilé sínú rẹ̀ kí ẹni tí kò lówó púpọ̀ náà lè rí i lò. Gbèsè wọ okòwò Stickley ní 1915, ìwé náà sì dáwọ́ dúró ní 1916, ṣùgbọ́n ilé ti kún ilẹ̀.

Ní Pasadena, níhà àríwá-ìlà-oòrùn Los Angeles, àwọn ayàwòrán ilé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Charles àti Henry Greene, gbé e dé góńgó. Ẹni tó bá ní ànfààní kó lọ wo Gamble House tí wọ́n kọ́ ní 1908. Peter àti John Hall, tí wọ́n bí ní Sweden, ló bá wọn ṣe iṣẹ́ igi rẹ̀. Mo ti fọwọ́ tọ́ ìdè igi ibi àtẹ̀gùn ilé yẹn, n kò sì mọ ìgbà tí àwọn tí a jọ wọlé fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ibi tí igi ti pàdé igi ni wọ́n fi hàn, wọ́n yí etí rẹ̀ rọ́bọ́tọ́, ó sì ń dán.

Ilé tiwa kì í ṣe ilé olówó. Ilé òṣìṣẹ́ ni. Lásìkò yẹn, èèyàn lè ra ilé lódindi nínú ìwé àtẹ: láti 1908 dé 1940, ilé-iṣẹ́ Sears ń ta ohun èlò ilé lódindi, ọkọ̀ ojú irin á sì gbé e dé ìlú ẹni. Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà sára igi irú ilé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ti gé igi rẹ̀ tán. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ilẹ̀ àti òkè àjà wa, kò sí nọ́ńbà kankan. Káfíńtà tó dúró lórí ilẹ̀ náà, tó wọn igi, tó gé e níbẹ̀, ló kọ́ tiwa.

Fèrèsé pálọ̀

Ṣáájú ohunkóhun, òjé. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé, nítorí náà ilé tó bá ti ṣáájú ọdún yẹn, kí èèyàn gbà pé òjé wà lára rẹ̀ títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò sí. Tiwa ní in. Eruku òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ọmọ-ọmọ Màmá sì ń wá sùn níbẹ̀. A tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sílẹ̀, a fi ọ̀rá bo ẹnu ọ̀nà yàrá, a wọ ìbòmú tó ń sẹ́ eruku, a sì ń fọ́n omi sójú ọ̀dà ká tó fá a. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ sáńdípépà kan ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ, ó tì o.

Mo fi ọ̀bẹ la ojú ọ̀dà níbi tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó di fèrèsé mú ti pàdé férémù. Ọ̀dà tí wọ́n ti ń kùn léra lérà fún ọgọ́rùn-ún ọdún ti lẹ àwọn méjèèjì pọ̀. Nígbà tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà jáde láì ṣẹ́, mo gbé apá ìsàlẹ̀ fèrèsé náà kúrò, mo sì wá ilẹ̀kùn kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù. Ọ̀dà ti bò ó mọ́lẹ̀ débi pé àfi ìka nìkan ló lè mọ ibi tó wà. Mo ṣí i. Irin ìwọ̀n wà nínú ihò náà, ó dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀, àjákù okùn òwú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo gbé irin náà lé Màmá lọ́wọ́. Irin yìí àti èkejì rẹ̀ ni wọ́n ń bá fèrèsé dọ́gba, àwọn ló ń jẹ́ kí ọmọdé lè gbé fèrèsé ńlá sókè, kó sì dúró síbi tó bá gbé e dé. Okùn ló já, ọ̀dà ló sì dì í. Igi kò ṣe ohunkóhun. Okùn òwú tuntun kò wọ́n ju oúnjẹ ọ̀sán lọ. Ìwé iye owó tó wà lórí tábìlì kò mẹ́nu kan okùn rárá.

Mo wá fá ọ̀dà ibi ìsàlẹ̀ igi náà, mo fi ìfági fá a díẹ̀ títí ojú igi fi yọ. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni, bí ẹni pé àná ni wọ́n là á. Igi Douglas fir ni. Mo gbé pákó Douglas fir tuntun tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì jọ ń ka òrùka tó ń fi ọdún igi hàn. Nínú íǹṣì kan ti pákó tuntun, òrùka mẹ́fà ni a kà. Nínú íǹṣì kan ti fèrèsé, ọmọ Màmá ka ọgbọ̀n, ó kù, ó ní ojú òun ti ń ṣe bàìbàì. Igi tó hù nínú igbó àtijọ́, tí òjìji àwọn igi ńlá bò, díẹ̀díẹ̀ ló ń sanra fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí òrùka rẹ̀ fi fún mọ́ra, tí omi kì í tètè wọ̀ ọ́, tí kì í sì tètè wọ́. Wọ́n ti gé púpọ̀ jù lọ nínú irú igbó bẹ́ẹ̀. Igi tí wọ́n ń gbìn fún ọjà lónìí ń yára sanra, wọ́n sì ń gé e ní kékeré. Ó ṣòro gan-an láti rí irú igi fèrèsé yìí rà láti inú igbó lónìí.

Ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Nígbà tí National Register of Historic Places, àkọsílẹ̀ àwọn ibi ìtàn ní Amẹ́ríkà, bá ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilé kan ṣì jẹ́ ilé tó jẹ́, nǹkan méje ni wọ́n ń wò. Ohun èlò tí wọ́n fi kọ́ ọ wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ náà sì wà nínú rẹ̀. Fèrèsé oníke lè ní ìrísí kan náà lójú ẹni tó ń wakọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ bá ti wọ àárín gíláàsì méjì rẹ̀, tàbí tí oòrùn California bá ti là á, ààtàn ló ń lọ. Ti onígi yìí, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ló ṣeé tú, tó ṣeé tún ṣe, tó ṣeé dá padà.

Ọjọ́ yẹn ni ọmọ Màmá ká ìwé iye owó náà, ó sì fi sínú àpò rẹ̀.

Pọ́tì, gíláàsì àti igi àlẹ̀mọ́

A kó àwọn fèrèsé sínú àpótí onípákó tí mo kàn, a sì fi èéfín omi gbígbóná sínú rẹ̀ kí pọ́tì àtijọ́ tó di gíláàsì mú lè rọ̀. Tí pọ́tì bá rọ̀, gíláàsì á yọ láì fọ́. Gíláàsì náà kò tẹ́jú bíi ti òde òní. Tí èèyàn bá ń rìn kọjá níwájú rẹ̀, igi ìta á máa mì díẹ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni a yọ láì fọ́ àfi ọ̀kan tó ti sán tẹ́lẹ̀, mo sì rí irú rẹ̀ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹrù ilé àtijọ́.

Àbúrò tó ń bá mi ṣiṣẹ́ béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò kúkú ní jẹ́ ká fi gúlúù silicone dí i? Kíá ló máa gbẹ, a ó sì kùn ún lọ́la.”

Mo ní, “Tí gíláàsì yìí bá fọ́ nígbà tí ìwọ náà ti di bàbá àgbà, báwo ni ẹni tó fẹ́ tún un ṣe yóò ṣe yọ ọ́?”

Ó dákẹ́. Ó ní, “Á gbẹ́ ẹ ni, igi á sì bà jẹ́.”

Pọ́tì tí wọ́n fi ẹfun àti epo linseed pò ni a lò. A kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ olóròóró sí ojú igi kó má bàa fa epo inú pọ́tì mu. A tẹ́ pọ́tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú rẹ̀, a tẹ gíláàsì lé e, a fi irin wẹ́wẹ́ dè é, a tún fi pọ́tì sí òde rẹ̀, mo sì fi ọ̀bẹ pọ́tì fà á gẹ̀rẹ́. Ó ń fẹ́ sùúrù. Tó bá di pé ojú rẹ̀ ti le, tí a bá ń kùn ún, ọ̀dà gbọ́dọ̀ kọjá pọ́tì díẹ̀ bọ́ sórí gíláàsì, torí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí omi wọ ibi tí pọ́tì àti gíláàsì ti pàdé.

Igun ìsàlẹ̀ fèrèsé méjì ti jẹrà. Níbẹ̀, ahọ́n igi kan ló wọ ihò igi kejì, èèkàn igi ni wọ́n fi dè é, kò sí ìṣó kankan. Mo gbẹ́ ibi tó jẹrà títí mo fi kan ibi tó yè, mo gé igi àlẹ̀mọ́ sí ìwọ̀n rẹ̀, mo jẹ́ kí ìlà òrùka rẹ̀ àti ti igi àtijọ́ lọ síbì kan náà, mo sì fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Igi àtijọ́ ni mo fi lẹ̀ ẹ́, èyí tí wọ́n tú lára ilé tí wọ́n wó. Tí èèyàn bá fi igi tuntun rírọ̀ lẹ igi líle, bí wọ́n ṣe ń fà tí wọ́n sì ń wú kò ní dọ́gba, ìdè náà á ṣí.

Irú igi bẹ́ẹ̀ ti túbọ̀ ṣọ̀wọ́n lágbègbè yìí, ìdí rẹ̀ sì ń bà mí nínú jẹ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2025, iná Eaton bẹ́ sílẹ̀ ní Altadena, ó sì jó ilé gbígbé àti àwọn ilé mìíràn tó lé ní 9,000. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ilé Craftsman, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti ń gbé Altadena láti ìran kan dé èkejì sì ló ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí eérú tutù, ààrò bíríkì nìkan ló dúró lórí ilẹ̀ mìíràn. Àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn lọ ń tú táìlì kúrò lára àwọn ààrò náà, nínú rẹ̀ ni táìlì Ernest Batchelder wà, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í sun táìlì ní Pasadena ní nǹkan bí 1910. Wọ́n ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan kí katakata tó dé. Láti ìgbà yẹn, mi ò lè wo ilé kan tó ṣì dúró bí ohun tí a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ìjẹun

Ilé Craftsman máa ń ní àga àti kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Tiwa gba gbogbo ògiri kan nínú yàrá ìjẹun: dúróà nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn gíláàsì lókè, díńgí láàárín. Wọ́n ti kùn ún ní funfun, bóyá lẹ́ẹ̀mẹta. Lábẹ́ rẹ̀ ni shellac, oje tó ń mú igi dán, tí wọ́n kọ́kọ́ fi pa á wà. Shellac náà ni kò jẹ́ kí ọ̀dà rin igi, nítorí náà, tí a bá fi ooru díẹ̀ sí i, gbogbo rẹ̀ á ṣí kúrò pọ̀.

Nígbà tí mo yọ dúróà ìsàlẹ̀ pátápátá, mo rí lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù lẹ́yìn rẹ̀. Káfíńtà náà ti ṣírò níbẹ̀: ìwọ̀n mẹ́ta lórí ara wọn, ìlà lábẹ́ wọn, àròpọ̀, ó fagi lé e, ó sì tún un rò. Ọ̀nà tó gbà kọ 7 ní ìlà kékeré láàárín, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Mo pe Màmá. Ọjọ́ orí wọn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣí dúróà yẹn tí wọ́n ń pa á, wọn kò sì rí i rí. Mo fi shellac fẹ́lẹ́ bo ìṣirò náà kó má bàa pa rẹ́.

Abẹ́ ilẹ̀

Apá yìí kò ní ẹwà ṣùgbọ́n òun ló ń gba ilé là. Igi ìsàlẹ̀ ilé kàn jókòó lórí kọnkéré ni, bóòtù kankan kò dè é mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́lé nígbà náà. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Northridge, ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1994, irú ilé bẹ́ẹ̀ ló yọ̀ kúrò lórí ìpìlẹ̀. A fi bóòtù de igi náà mọ́ kọnkéré, a sì fi pílíwúùdù bo inú ògiri kúkúrú tó wà láàárín ìpìlẹ̀ àti ilẹ̀ pákó. Ètò Earthquake Brace + Bolt ti ìpínlẹ̀ California máa ń ran onílé lọ́wọ́ pẹ̀lú owó tó lè tó $3,000 fún irú iṣẹ́ yìí. Ibí ni ohun tuntun ti yẹ láì kan ojú ilé.

Irin fàràndà

Ọ̀rọ̀ tí kò tíì tán nìyí, òun ló sì jẹ mí lógún jù.

Irin kan wà yí fàràndà iwájú ká, irin tí wọ́n tẹ̀ bí ewé. Kò sí níbẹ̀ ní 1912. Bàbá Màmá jẹ́ wẹ́dà níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní San Pedro nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ irin náà nínú gáréèjì lẹ́yìn ilé, kò pẹ́ tí wọ́n kó wọlé. Ayàwòrán ilé tó ń bá wa ya pláànù ní ká yọ ọ́ kúrò kí ilé lè padà sí bó ṣe rí gan-an.

Mo ní rárá. Nínú ìwé ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ní Los Angeles nígbà náà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀ àyàfi tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ní 1945, ní Sugar Hill tí kò jìnnà sí wa, àwọn aládùúgbò aláwọ̀ funfun gbé Hattie McDaniel, òṣèré tó gba Oscar ní 1940, àti àwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn lọ sí kóòtù kí wọ́n lè lé wọn kúrò nínú ilé tí wọ́n fi owó ara wọn rà. Agbẹjọ́rò Loren Miller rojọ́ fún wọn, ó sì borí. Ní 1948, nínú ẹjọ́ Shelley v. Kraemer, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kóòtù kankan kò gbọdọ̀ ti irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá Màmá rà. Ọkùnrin tí wọ́n ti fòfin dí lọ́nà ilé ra ilé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tó rẹwà síwájú rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, a ti pa ìtàn ìdílé tó tọ́jú ilé yìí rẹ́ nítorí ìrísí ọdún tí wọn kò ì tí ì láṣẹ láti gbé ibẹ̀.

Ìlànà tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé gbè mí lẹ́yìn. Nínú ìlànà mẹ́wàá tí Department of the Interior ti Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún àtúnṣe ilé àtijọ́, ẹ̀kẹfà ní ká tún ohun tó bà jẹ́ ṣe dípò ká pààrọ̀ rẹ̀. Lórí ìyẹn ni mo dúró nínú ọ̀rọ̀ fèrèsé. Ẹ̀kẹrin ní ká fi àyípadà tó ti ní ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀. Mo ka méjèèjì fún ayàwòrán náà. Ó ní òun kò mọ ẹni tó ṣe irin náà tẹ́lẹ̀, ó sì dá a padà sínú pláànù.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Jefferson Park wà lára àwọn àdúgbò tí ìlú Los Angeles fi òfin HPOZ dáàbò bo ìrísí wọn, nítorí náà pláànù ti wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àdúgbò, pẹ̀lú irin náà nínú rẹ̀. Mo fi àwòrán kan tí Màmá mú wá tì í: bàbá wọn jókòó lórí fàràndà, irin ṣì ń dán. Mo ti gbọn ìpẹtà rẹ̀ kúrò, mo ti fi ọ̀dà ìdènà ìpẹtà sí i, mo sì ti tún wẹ́ẹ̀dì ibì kan tó já ṣe láì fi kankan pààrọ̀.

Mo tún ń bá ọmọ Màmá sọ̀rọ̀ nípa Mills Act, òfin California ti 1972. Onílé á bá ìlú ṣe àdéhùn ọdún mẹ́wàá ó kéré tán pé òun yóò máa tọ́jú ilé àtijọ́ náà, owó orí ilé rẹ̀ á sì lè dínkù. Owó tó bá yọ níbẹ̀ lè tún orí igi òrùlé tó ti jẹrà níhà ìwọ̀-oòrùn ṣe.

Gbogbo fèrèsé iwájú ti padà sáyè wọn, wọ́n sì ń ṣí. Fèrèsé yàrá Màmá ló wà lórí tábìlì mi báyìí: okùn rẹ̀ méjèèjì ti já, ahọ́n igi rẹ̀ kan ti ṣẹ́, gíláàsì rẹ̀ kò sì ní nǹkan kan.